Àgbà Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Ẹnjiníà

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ó ń jẹ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́kàn.

Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, mẹkáníìkì, wẹ́dà tí ń jó irin, bíríkìlà tí ń mọ ilé: gbogbo wọn mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ńlá bá dé, wọn a ní kí a lọ pe ẹnjiníà wá. Ẹnjiníà a dé, a ya àwòrán, a ṣírò nǹkan sórí ìwé, a gba owó rẹ̀, a sì máa lọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò fi òógùn ojú ṣe èyí tí ó kù. Ọ̀pọ̀ wọn a máa wí nínú ara wọn pé: "Èmi náà ì bá lè ṣe é, ká ní mo kàwé ni. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà jù. Owó dà?"

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀: ọjọ́ orí àti owó. A ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. ǸJẸ́ ÀGBÀ LÈ WỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍGA?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wọ̀ ọ́. JAMB, ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1978 láti máa ṣètò ìdánwò ìwọlé, sọ iye ọdún tí ọmọdé gbọ́dọ̀ pé kí ó tó wọlé. Kò sọ iye ọdún tí àgbà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni ogójì ọdún lè ṣe ìdánwò náà, ẹni àádọ́ta ọdún náà lè ṣe é.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá jáde tán, ìjọba yóò tún kó àwọn lọ sìnlú fún ọdún kan, kí wọ́n fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin ìsìnlú kò mú ẹni tí ó ti lé ní 30 ọdún nígbà tí ó jáde. Ìwé ìyọ̀ǹda ni a ó fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà tí kì í gba ẹni tí ó ti dàgbà díẹ̀ síṣẹ́ àkọ́gbà. Nítorí náà, kí àgbà má ṣe kàwé nítorí pé ó fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì ẹlòmíràn nìkan. Kí ó kàwé kí iṣẹ́ tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbòòrò sí i. Ìyẹn ni èrè tí ó dájú fún un jù.

2. KÍ NI ẸNJINÍÀ MỌ̀?

Ìṣirò ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré kan. Iná tí ó ń wọ ilé wa jẹ́ fóólìtì 230. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò kò gbọ́dọ̀ gbé ju áńpù 13 lọ. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan lè jẹ iná tó wáàtì 1,000. Kẹ́tùlù iná lè jẹ wáàtì 2,000. Bí a bá ki méjèèjì bọ ojú kan ṣoṣo, ó di wáàtì 3,000. Ẹ fi 230 pín 3,000: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 13 gẹ́lẹ́. Ó ti kún dé etí nìyẹn. Bí a bá tún ki ohun mìíràn tí ń jẹ wáàtì 1,000 mọ́ ọn, ó di áńpù 17. Wáyà yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, ilé sì lè jó.

Oníṣẹ́ iná tí kò kàwé mọ bí a ti ń pààrọ̀ wáyà tí ó jó. Èyí tí ó kàwé mọ ìdí tí ó fi jó, kò sì ní jẹ́ kí ó jó lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹni tí ń jó irin tí a ń gbé táǹkì omi lé, àti ẹni tí ń da dẹ́kìn. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ìṣirò yìí. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè ra ìwé-ẹ̀rí ẹnjiníà bí ẹni ra iṣu. Ẹni tí ó bá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń báni jí ìdánwò wò, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ìwé a jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ó bá kọ́ lè wó.

3. ÀTẸ̀GÙN TÍ A Ó GÙN

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. A kì í fò dé orí òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìpele kìn-ín-ní ni kíkọ àti kíkà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti ń gun ìyẹn lọ. Ẹ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kún un ní kíláàsì alẹ́, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ìpele kejì ni ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ẹni tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ lè san owó fúnra rẹ̀ kí ó ṣe ìdánwò WAEC. Òmíràn tún wà tí ó bá oníṣẹ́ ọwọ́ mu gan-an, èyíinì ni NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992. NABTEB ń dán ènìyàn wò nínú iṣẹ́ iná, iṣẹ́ mọ́tò, irin jíjó, bíríkì mímọ àti iṣẹ́ káfíńtà. Ẹ má ṣe sá fún ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti Físíìsì. Láìsí wọn, ọ̀nà iṣẹ́ ẹnjiníà dí.

Ìpele kẹta ni ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí a ń pè ní Poly. Ti Ìbàdàn wà láti 1970, ti Ìlaro láti 1979. Ìwé-ẹ̀rí ND ni a kọ́kọ́ ń gbà níbẹ̀. Ọdún méjì ni fún ẹni tí ń lọ lójoojúmọ́. Ẹni tí ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, tí a ń pè ní páàtì-táìmù, a máa lò tó ọdún mẹ́ta.

Ìpele kẹrin pín sí ọ̀nà méjì. Ẹnìkan lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kí ó padà wá ka ọdún méjì sí i fún HND. Ẹlòmíràn tí èsì ND rẹ̀ dára lè gba ọ̀dọ̀ JAMB wọ yunifásítì, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kejì. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó di mẹ́rin.

Ẹ kíyè sí i pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní èrè tirẹ̀. COREN, ìgbìmọ̀ tí òfin 1970 dá sílẹ̀, ni ó ń kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sínú ìwé. Ó ní àyè fún oníṣẹ́ ọwọ́, fún ẹni tí ó ní ND, àti fún ẹni tí ó ní HND. Ẹni tí ó gba oyè yunifásítì, tí ó sì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ni a ń kọ sílẹ̀ ní ẹnjiníà gan-an. Nítorí náà, bí owó bá tán lójú ọ̀nà, a lè dúró sí ìpele kan, kí a fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí a tó máa bá a lọ.

4. Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ìnáwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí kò wọlé nítorí pé a fi iṣẹ́ sílẹ̀ lè ju owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní oníṣẹ́ iná kan ń rí 5,000 náírà lóòjọ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń ṣí fún ọ̀sẹ̀ 36 lọ́dún. Bí ó bá pa iṣẹ́ tì pátápátá, 900,000 náírà ni yóò sọnù lọ́dún kan. Ní ọdún méjì ó di 1,800,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kàwé nírọ̀lẹ́ àti ní Sátidé, tí ọjọ́ iṣẹ́ 1 péré ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, 180,000 ni yóò sọnù lọ́dún. Bí ó tilẹ̀ lo ọdún mẹ́ta, 540,000 náírà ni gbogbo rẹ̀.

Lóòótọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ páàtì-táìmù sábà máa ń wọ́n ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ẹ fi ìyẹn kún un, ẹ fi owó ọkọ̀ àti owó ìwé kún un. Kí olúkúlùkù fi iye tirẹ̀ ṣe ìṣirò yìí, kí ó tó pinnu.

Ẹni tí ó bá fẹ́ máa lọ lójoojúmọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè bèèrè owó yíyá lọ́wọ́ NELFUND, tí òfin 2024 gbé kalẹ̀. Wọn kì í gba èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ náà fún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé owó yìí kò lè dípò owó oúnjẹ tí ilé ń retí lọ́wọ́ yín.

Ẹ má ṣe lọ yá owó èlé lọ́wọ́ sogúndogójì nítorí ìwé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan pàápàá, ẹ bèèrè bóyá NBTE, àjọ tí ń ṣàbójútó àwọn Poly, fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ayédèrú pọ̀ nígboro.

5. Ọ̀RỌ̀ ILÉ

Kí baálé bá ìyàwó sọ ọ́, kí ìyàwó náà bá ọkọ sọ ọ́, nítorí obìnrin náà lè ṣe ẹnjiníà. Ẹ jọ fi ẹnu kò lórí wákàtí tí a ó fi kàwé. Bí ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá wọ kíláàsì, ẹ ó bá àwọn ọmọ tí ẹ lè bí. Ẹ má tijú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Ẹ fi ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n bá yín ṣe ìṣirò tí ó bá ta kókó. Báyìí ni ọmọdé àti àgbà yóò jọ jáde.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá di ẹni ogójì ọdún lónìí yóò di ẹni àádọ́ta ní ọdún mẹ́wàá sí i, yálà ó kàwé tàbí kò kà á. Ẹ lọ bèèrè kíláàsì alẹ́ tí ó súnmọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.