Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ayé àwọn aláṣẹ Òyìnbó, bí adájọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá bá jókòó ní ilé ẹjọ́, ọwọ́ ògbufọ̀ ni ẹjọ́ wà. Bí ògbufọ̀ bá já fáfá, ẹjọ́ a yá. Bí ó bá ń kólòlò, ilẹ̀ a ṣú lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, olùpẹjọ́ kò sì yadi. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà tí eré àtijọ́ bá ń wọ́ bí ìgbín, kí a tó lọ sọ fún bàbá wa pé kọ̀ǹpútà ti gbó, kí wọ́n ra òmíràn.

Eré kọ̀ǹpútà kì í fúnra rẹ̀ ya àwòrán tí ojú wa ń rí. Káàdì àwòrán ni ó ń yà á, káàdì náà kò sì gbọ́ ju èdè ara rẹ̀ lọ. Eré a pàṣẹ pé: ya ògiri síhìn-ín, tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Èdè tí ó fi ń pàṣẹ ni èyí tí àwọn tí ó kọ ọ́ ní lọ́wọ́ ní ìgbà tiwọn. Ètò kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí ń túmọ̀ àṣẹ fún káàdì. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é ní dírẹ́bà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wa ọkọ̀ kankan. Èmi ìbá pè é ní ògbufọ̀. Bí eré yóò bá dára í wò, ó dára kí àwòrán bí 60 máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Bí ògbufọ̀ bá fà sẹ́yìn, àwòrán kan a pẹ́, èyí tí ó tẹ̀ lé e a sáré dé, gbogbo nǹkan a sì máa tiro lójú ẹni tí ń ṣeré.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wọ́n gbé káàdì àwòrán tí ń jẹ́ Arc A770 jáde, tí iye owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 329. Nínú ọ̀pọ̀ eré tuntun, káàdì náà kò kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nínú eré tí ń sọ Direct3D 9, èdè tí Microsoft gbé jáde ní 2002, ojú tì í. Ẹni tí ó ti san owó rẹ̀ rí i pé Counter-Strike: Global Offensive, eré tí ó ti jáde láti 2012, kò yá bí ó ti yẹ lórí ohun èlò tuntun. Kí ni ó fà á? Intel kò kọ́ ògbufọ̀ rẹ̀ ní èdè àtijọ́ náà. Ètò kan láti ọ̀dọ̀ Microsoft ni ó ń kọ́kọ́ túmọ̀ Direct3D 9 sí Direct3D 12, kí dírẹ́bà Intel tó wá túmọ̀ èyí fún káàdì. Ògbufọ̀ méjì lórí ẹjọ́ kan!

A kò tú káàdì, a kò sì tún eré kọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni Intel gbé dírẹ́bà tuntun jáde, tí ó yí ọ̀nà ìtumọ̀ yìí padà fún àwọn eré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, wọ́n kéde pé àwọn eré Direct3D 9 tí wọ́n fi dán an wò ti fi nǹkan bí ìpín 43 nínú 100 yá ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ọlọ́jà kì í bú ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ara Intel náà dán eré wọ̀nyí wò, wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ wà.

Àwọn mìíràn kì í dúró de ilé iṣẹ́. DXVK, ètò tí Philip Rebohle bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn tí ń lo Linux, a máa túmọ̀ Direct3D sí èdè mìíràn tí ń jẹ́ Vulkan. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni ó ti gbọ́ Direct3D 9 pẹ̀lú. Fáìlì rẹ̀ ni àwọn kan ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ eré àtijọ́. Kí ẹni tí ń bá àwọn ará òkèèrè ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí eré náà lè ka fáìlì àjèjì sí ìrẹ́jẹ, kí ó sì tì í síta.

Bí káàdì fúnra rẹ̀ kò bá lágbára, ògbufọ̀ kò lè sọ ọ́ di òmìrán. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe káàdì gan-an ni kí a ti gba dírẹ́bà, nítorí àwọn ọlọ́ṣà a máa fi orúkọ rẹ̀ bo ètò búburú mọ́lẹ̀. Kí a sì kọ nọ́ńbà èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, nítorí nígbà mìíràn tuntun a máa burú ju àtijọ́ lọ, a ó sì fẹ́ dá ti àkọ́kọ́ padà.