Bí Háàdì Dísìkì Bá Ń Kọṣẹ́: Ẹrù Inú Rẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Kó Jáde

Nígbà tí kọ̀ǹpútà inú ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ kí ó tó tàn, tí fáìlì tí a ṣí lánàá láìsí wàhálà bá kọ̀ jálẹ̀ tí kò ṣí mọ́ lónìí, tí ojú kọ̀ǹpútà sì wá gbé ọ̀rọ̀ jáde pé àṣìṣe wà lára háàdì dísìkì, ìmọ̀ràn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀rẹ́, ojúlùmọ̀ àti àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ni pé kí a yára ṣí irinṣẹ́ àtúnṣe tí ó wà nínú Windows, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ chkdsk, kí a sì jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, irinṣẹ́ náà kò sì burú ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé títún dísìkì ṣe kí a tó kó ẹrù inú rẹ̀ jáde wà lára ohun tí ń sọ ìpalára kékeré di òfò ńlá. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Dísìkì mìíràn ń bẹ lọ́jà fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á. Àwòrán ìyá tí ó ti rèwàlẹ̀ àsà, ìwé àṣekágbá ọmọ tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó gbé e fún olùkọ́, àkọsílẹ̀ gbèsè àti èrè tí oníṣòwò ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́, ìwọ̀nyí ni kò sí ọjà tí a ti lè rí wọn rà.

Ó yẹ kí a mọ bí a ti ṣe ohun èlò yìí kí a tó lè mọ ohun tí ń ṣe é. Ní ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ IBM gbé háàdì dísìkì àkọ́kọ́ jáde ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà: àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 24, odindi rẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà, tí àwòrán kan ṣoṣo láti inú fóònù òde òní lè kún dẹ́múdẹ́mú. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà wa lónìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó ń tẹ̀ lé. Àwo róbótó tí a fi alumíníọ̀mù tàbí gíláàsì ṣe, tí a sì fi èròjà tí ó ní agbára òòfà bò lójú, ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí orí kékeré kan tí ń kà tí ó sì ń kọ ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Àlàfo tí ó wà láàárín orí yìí àti àwo kò ju nanómítà mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni irun orí èèyàn kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí nanómítà 80,000. Ẹni tí ó bá ro èyí dáadáa yóò mọ ìdí tí eruku kan, tàbí ìṣubú kan láti orí tábìlì nígbà tí àwo ń yí lọ́wọ́, fi lè jẹ́ kí orí ha ojú àwo, kí ohun tí a kọ síbẹ̀ sì parẹ́ pátápátá.

Iná mànàmáná tí ń lọ tí ó ń bọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù, ẹ̀sùn náà sì ní òótọ́ nínú, àmọ́ kì í ṣe lọ́nà tí a rò. Bí iná bá lọ lójijì, àwo tí kò tíì dúró máa ń fi yíyí rẹ̀ pèsè ìwọ̀nba iná díẹ̀, èyí náà sì ni dísìkì òde òní fi ń gbé orí rẹ̀ kúrò lójú àwo lọ sí ibi ìsinmi kí gbogbo rẹ̀ tó dákẹ́. Nítorí náà, kì í sábà jẹ́ ojú àwo ni ó ń jìyà àlọ iná, bí kò ṣe àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kọ lọ́wọ́ tí ó sì dá dúró láàárín méjì. Àbọ̀ iná ni kí a bẹ̀rù jù, nítorí iná tí ó bá fi agbára tí ó ju bó ti yẹ wọlé lè jó pátákó iná tí ó wà lábẹ́ dísìkì. UPS, ẹ̀rọ oníbátìrì tí ń gbé kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ, àní èyí tí kò lè gbé e ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wúlò fún àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀.

Láti inú èyí ni a ti lè rí i pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ara dísìkì le koko, ṣùgbọ́n ètò tí ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ti dàrú, gẹ́gẹ́ bí ilé ìkàwé tí gbogbo ìwé rẹ̀ pé lórí pẹpẹ ṣùgbọ́n tí ìwé àtọ́ka tí alábòójútó fi ń wá wọn ti fàya. Nínú ti èkejì, ojú àwo tàbí orí tí ń kà á ni ó ń bàjẹ́. Wọ́n pín ojú àwo sí àyè kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sector, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 512 nínú àwọn dísìkì àtijọ́, tàbí 4,096 nínú ọ̀pọ̀ àwọn ti ìsinsìnyí. Nígbà tí dísìkì bá sì rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, yóò pa á tì, yóò sì mú òmíràn rọ́pò rẹ̀ láti inú àwọn tí ilé iṣẹ́ ti fi pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àrùn bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, chkdsk lè wò ó sàn. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, a ó tún un ṣe lónìí, yóò tún dàrú lọ́túnla, nítorí bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Báwo ni a ó wá ṣe mọ èyí tí ó jẹ́? Etí ni kí a kọ́kọ́ lò. Dísìkì tí ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ń ha bí ìgbà tí irin ń gún irin, ti kọjá ohun tí irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà lè ṣe sí. Kí a pa á lójú ẹsẹ̀, kí a má sì tún tàn án. Èyí tí kò dún, ṣùgbọ́n tí ń hàn tí ó sì ń pòórá, kí a pààrọ̀ wáyà rẹ̀, kí a sì gbìyànjú ojú ihò mìíràn lára kọ̀ǹpútà, kí a tó dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà ni ká gbọ́ ẹjọ́ tí dísìkì ń fẹnu ara rẹ̀ rò. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: àwọn tí ń ṣe dísìkì ti fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní SMART sínú rẹ̀, tí ń ka àwọn àṣìṣe rẹ̀ tí ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọ̀fẹ́ ni CrystalDiskInfo tí a fi ń kà á lórí Windows, ọ̀fẹ́ náà sì ni smartctl fún àwọn tí ń lo Linux. Ìlà mẹ́rin ni ó ṣe kókó jù níbẹ̀. Ìlà 5 ń sọ iye sector tí dísìkì ti pa tì tí ó sì ti rọ́pò. 197 ń sọ iye èyí tí ó ń fura sí tí kò tíì dájọ́ wọn. 198 ń sọ iye èyí tí àyẹ̀wò ti gbà pé kò ṣeé kà mọ́. 199 sì ń ka àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín dísìkì àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá rí i pé 199 nìkan ni ó ń gòkè, tí àwọn mẹ́ta yòókù dúró ní òdo, wáyà ni kí ó fura sí. Bí 5 tàbí 197 bá ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ó mọ̀ pé dísìkì náà ti ń palẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Google, Eduardo Pinheiro, Wolf-Dietrich Weber àti Luiz André Barroso, gbé ìwádìí kan jáde lórí dísìkì tí ó lé ní 100,000 tí ilé iṣẹ́ wọn ń lò. Wọ́n rí i pé dísìkì tí àyẹ̀wò bá kọ́kọ́ bá àṣìṣe lójú àwo rẹ̀, ewu pé yóò kú láàárín 60 ọjọ́ jẹ́ ìlọ́po 39 ti èyí tí kò ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé àṣìṣe kan ṣoṣo kò tó nǹkan. Ìwádìí yìí kan náà sì fi hàn pé ó lé ní ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn dísìkì tí ó kú tí kò fi àmì kankan hàn nínú àwọn ìlà SMART mẹ́rin tí ìwádìí náà kà sí èyí tí ó lágbára jù, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí SMART bá pariwo, kí a gbà á gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, kí a má sùn lé e.

Nígbà tí ẹ̀rí bá ti pé pé ara dísìkì ń bàjẹ́, kí a dáwọ́ kíkọ nǹkan sí i dúró. Kí a má ṣe gbé ètò tuntun wọ inú rẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí Windows máa ṣe àfikún ara rẹ̀, kí a wá dísìkì mìíràn tí ó tóbi tó o tàbí jù ú lọ, kí a sì kọ́kọ́ da àwọn fáìlì tí a kò lè rí irú wọn mọ́ kọ, kí a fi fíìmù àti orin sẹ́yìn. Bí dídàkọ báyìí bá ń dúró lójú ọ̀nà, irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni GNU ddrescue, tí a lè lò láti orí fíláàṣì tí a gbé Linux sí. Kì í bá sector tí ó bàjẹ́ jìjàkadì. Yóò fò ó, yóò kó gbogbo ibi tí ó dára ná, kí ó tó padà wá bẹ ibi tí ó le wò. Ó sì ń kọ ibi tí ó dé sílẹ̀ sínú fáìlì kan, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ ní òru, ibi tí ó dúró sí ni yóò ti tẹ̀ síwájú nígbà tí iná bá dé. Orí ẹ̀dà tí ó bá ṣe ni kí a ti máa wá fáìlì tí ó sọnù, yálà pẹ̀lú TestDisk tàbí PhotoRec, kì í ṣe orí ògbólógbòó dísìkì náà.

Ìgbà yìí ni chkdsk tó ní àyè. Bí a bá fi /f kún un, ètò tí ó dàrú nìkan ni yóò tún tò. Bí ó bá jẹ́ /r ni, yóò ka gbogbo ojú dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ tí ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ó sì lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn dísìkì tí ó ti rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé títò ètò ni iṣẹ́ chkdsk, kì í ṣe dídóòlà fáìlì: àkọsílẹ̀ tí kò bá yé e, ó lè gé e kúrò, kí ó sì kó àjákù rẹ̀ sínú fódà FOUND.000 pẹ̀lú orúkọ bíi FILE0000.CHK, tí olówó ẹrù kò ní mọ èyí tí í ṣe àwòrán yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe lẹ́tà. Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Àwọn kan ń gbani nímọ̀ràn pé kí a gbé dísìkì sínú fìrísà, tàbí kí a tú u wò nínú yàrá. Omi tí yóò sẹ̀ sí ojú àwo nígbà tí ó bá kúrò nínú òtútù, àti eruku tí yóò bà lé e lẹ́yìn títú, yóò sọ iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ di aláìṣeéṣe. Inú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá ni wọ́n ti ń ṣí i, owó rẹ̀ sì wọ́n.

Àwọn tí ń lo SSD, tí kò ní àwo tí ń yí, bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú, ṣùgbọ́n SSD kì í dún kí ó tó kú, fáìlì tí a bá sì pa rẹ́ nínú rẹ̀ ṣòro púpọ̀ láti rí padà.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, Peter Krogh, ni ó sọ òfin kan di olókìkí: kí ẹ̀dà fáìlì jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn tí kì í ṣe ilé wa. Dátà wọ́n, èyí kò ṣeé jiyàn, nítorí náà kì í ṣe dandan kí ẹ̀dà kẹta lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dísìkì àfimọ́ta (external) tí a gbé sọ́dọ̀ àbúrò ní ìlú mìíràn, tí a ń pààrọ̀ nígbà ọdún, tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà òde. Ohun tí kò tó ni dísìkì àfimọ́ta tí kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, nítorí iná tí ó bá jó ọ̀kan lè jó èkejì, fáírọ́ọ̀sì tí ó bá ti fáìlì pa nínú ọ̀kan yóò sì tì í pa nínú èkejì.

Ó ku ti dísìkì tí a fẹ́ jù nù. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó akéte, ilé ọgbọ́n, láti tọ pinpin kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ń wọ ibẹ̀ láti òkè òkun, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó ti kọ́kọ́ lò wọ́n nínú dísìkì tí wọ́n rà lọ́jà. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti lè rò pé wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ìparẹ́ oníkíákíá kì í kan fáìlì fúnra rẹ̀, ìwé àtọ́ka ni ó ń sọ di òfìfo. Láti ìgbà Windows Vista, fọ́máàtì kíkún, tí a bá yọ àmì kúrò níwájú Quick Format, ń kọ òdo bo gbogbo ojú àwo, ìyẹn sì tó fún háàdì dísìkì tí ẹlòmíràn yóò rà lọ́wọ́ wa. Èyí tí àìsàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gba òdo mọ́ ni kí a dá ihò lu já àwọn àwo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí a fi aṣọ nínípọn wé e, kí a sì fi awò bo ojú, nítorí gíláàsì ni ó sábà máa ń wà nínú wọn.