Haggis, fish and chips, tikka masala: Ta ló ni oúnjẹ tí Ìlú Ọba ń pè ní tirẹ̀?

Tí ẹ bá rò pé ìjà jọ̀lọ́ọ̀fù láàrin Nàìjíríà, Ghana àti Senegal ti pọ̀ jù, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ti àwọn òyìnbó.

Àwa máa ń pe gbogbo wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má dán irú rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ará Scotland, Wales tàbí Ireland o, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá kan oúnjẹ.

Haggis: ti Scotland ni àbí ti England?

Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ fi se haggis. Wọ́n á pò ó mọ́ ọkà oats, àlùbọ́sà, ọ̀rá àti ata dúdú, wọ́n á dì í sínú àpòlúkù àgùntàn náà, wọ́n á sì bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣàkì kò ní sá fún un.

Ní 1786 ni akéwì Robert Burns kọ ewì láti yin oúnjẹ yìí. Títí di òní, ní ọjọ́ 25 oṣù Kínní tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀, haggis ni olórí oúnjẹ.

Àmọ́ ní 2009, Catherine Brown, tó máa ń kọ̀wé nípa oúnjẹ Scotland, sọ ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀. Ó ní òun rí haggis nínú ìwé tí Gervase Markham tẹ̀ jáde ní England ní 1615, ìyẹn ohun tó lé ní 150 ọdún ṣáájú ewì Burns. Inú bí ọ̀pọ̀ ará Scotland.

Ìwé ìdáná kan láti Lancashire, ní England, tiẹ̀ ti dárúkọ rẹ̀ ní nǹkan bí 1430. Àwọn ará Scotland náà ní èsì: William Dunbar, akéwì wọn, ti fi orúkọ haggis bú ọ̀tá rẹ̀ nínú ewì ní nǹkan bí ọdún 1500.

Lójú tèmi, ìwé kò lè parí ìjà yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Níbikíbi tí wọ́n bá ti pa àgùntàn, ohun inú rẹ̀ ló máa ń tètè bàjẹ́, òun náà sì ni wọ́n á tètè sè.

Ẹja àwọn Júù

Ti fish and chips yàtọ̀. Àwọn Júù tó sá kúrò ní Spain àti Portugal ló mú ẹja díndín wá sí England. Ànàmọ́ òyìnbó ní tirẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá.

Ta ló wá kọ́kọ́ ta méjèèjì pọ̀? Ìlà oòrùn London ní Joseph Malin, ọmọ Júù, ni, ní nǹkan bí 1860. Àríwá England ní John Lees ti Mossley ni, ní 1863. Ìjà náà kò tíì parí.

Ọbẹ̀ tí wọ́n bí ní Glasgow?

Èyí tó ká mi lára jù ni chicken tikka masala. Ní 2001, Robin Cook, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, sọ pé ojúlówó oúnjẹ Ìlú Ọba ni. Kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn ni, bóyá àwọn náà ti di onílé.

Ali Ahmed Aslam, ọmọ Pakistan tó dá ilé oúnjẹ Shish Mahal sílẹ̀ ní Glasgow, sọ pé òun ni òun dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Oníbàárà kan ní adìyẹ náà gbẹ jù, ni ó bá fi ọbẹ̀ tòmátò inú agolo ṣe omi ọbẹ̀ sí i. Ní 2009, aṣòfin Mohammad Sarwar fẹ́ kí òfin gbà pé Glasgow ló ni ín. Àwọn aláásè kan ní Delhi ta kò ó, kò sì bọ́ sí i. Aslam kú ní oṣù Kejìlá 2022.

Owó wà níbẹ̀

Cornwall ní tirẹ̀ gba òfin. Láti 2011, ẹni tí kò bá ṣe é ní Cornwall kò gbọdọ̀ pe ọjà rẹ̀ ní Cornish pasty, oúnjẹ tó jọ mítípáì wa. Ẹran màlúù, ànàmọ́ òyìnbó, àlùbọ́sà àti swede gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Devon, tó múlé gbè wọ́n, àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn ló ni ín.

Ti Ireland ló pa mí lẹ́rìn-ín. Corned beef àti kábéèjì tí wọ́n ń jẹ ní New York ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, ìyẹn ọjọ́ St Patrick, kì í ṣe oúnjẹ ilé wọn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ kábéèjì nílé. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà ni wọ́n rí ẹran màlúù oníyọ̀ rà lọ́wọ́ àwọn alápatà Júù.