Ẹ̀kọ́ Ohùn fún Àwọn Transgender: Ìdúró Náà Ti Pẹ́ Jù

Lórí tẹlifóònù, kò sí ojú, kò sí aṣọ, kò sí gèlè. Ohùn nìkan ni a fi ń mọ ẹni tí ń bá wa sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ohùn fi ká àwọn transgender lára, ìyẹn àwọn tí wọ́n mọ ara wọn sí akọ tàbí abo lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ohun tí a kọ sínú ìwé ìbí wọn. Obìnrin bẹ́ẹ̀ lè pe báńkì ní London, kí ó dárúkọ, kí ó sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ láìṣì í, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀ pé kì í ṣe òun ni ó ni àkáǹtì náà, nítorí pé ohùn ọkùnrin ni ó ń bọ̀ létí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oògùn ni yóò yanjú rẹ̀. Fún ọkùnrin transgender, ó rí bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan: testosterone a máa mú kí tán-án-ná, iṣan méjì tí ń gbọ̀n nínú gògóńgò, nípọn sí i, ohùn a sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n estrogen tí obìnrin transgender ń lò kò lè sọ tán-án-ná tí ó ti nípọn nígbà ìbàlágà di tín-ín-rín mọ́. Iṣẹ́ abẹ wà, àmọ́ ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe pé kí a kàn máa han. Lóòótọ́, tán-án-ná ọkùnrin a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin a sì máa tó nǹkan bí 200. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlù. Bí onílù tilẹ̀ fa ọṣán ìyá ìlù títí tí ó fi ké lókè, ẹni tí ó mọ ìlù kò ní pè é ní gángan, nítorí ìtóbi inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fun àti ẹnu ṣe rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́ bí a ti ń sọ àyè inú ọ̀fun di kékeré, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham sọ fún mi pé, “Àǹtí, ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá gbé ohùn sókè, ọkọ́ á di ọkọ̀ lẹ́nu mi.” Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá ń bá ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Ibi tí ìṣòro wà ni pé olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó máa jẹ́ kí ohùn lọ sókè-sódò bí àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe. Ta ni yóò ṣe èyí ní Yorùbá tí ìtumọ̀ kò ní dàrú? Àyè inú ọ̀fun àti èémí ni ó gbájú mọ́ tí ó bá ń bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Owó iṣẹ́ alẹ́ ni ó fi ń sanwó olùkọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. NHS ń fúnni ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ ní England, ilé ìwòsàn àwọn transgender ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ 18 ni NHS ṣèlérí pé ìtọ́jú kò gbọdọ̀ kọjá. Ní èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Charing Cross ní 1966, ìdúró ti ju ọdún 5 lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ìlànà WPATH ti 2022 ya odidi orí kan sọ́tọ̀ fún ohùn. Èmi kò rí ìdí tí dókítà àdúgbò kò fi ní lè rán wọn lọ tààrà sọ́dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ohùn, ẹni kan náà tí ń tọ́jú olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ há.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kan ní ilé ìtọ́jú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ni lábẹ́ ojú ọ̀gá wọn, owó ibẹ̀ a sì máa dínkù. Fídíò ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, àmọ́ fídíò kò ní etí. Bí ọ̀fun bá ń dunni tàbí tí ohùn ń há, ẹ dá a dúró, ẹ mu omi, kí ẹ sinmi ohùn. Bí kò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ rí dókítà.