Ẹ̀rí Níwájú Adájọ́ Àjọyàn: Láti Ṣàpọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni wọ́n fi ṣí ìjókòó lọ́jọ́ tí àwọn àgbà mẹ́ta péjọ lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ṣàpọ́n. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Èmi ni mò ń bu omi fún wọn. Bàbá mi àti ẹnì kan ni wọ́n jọ ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà kí ìjà tó dé. Kò sí èyí tó fẹ́ lọ sí kóòtù nínú àwọn méjèèjì. Olúkúlùkù mú àgbà kan wá, àwọn àgbà méjèèjì sì lọ wá ẹnì kẹta.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní arbitration nìyẹn. N ó máa pè é ní ìdájọ́ àjọyàn níhìn-ín, nítorí pé àwọn tó ń jà ni wọ́n ń yan adájọ́ wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó ìlú òyìnbó nìkan. Ní oṣù August 1924 kọ́, 2024 ni, ojú wa ló ṣe, tí kóòtù kan ní Paris jẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé bàálù ìjọba àpapọ̀ wa mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Paris. Ìgbẹsà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan, Zhongshan Fucheng, ti ipasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà gba ẹ̀tọ́ láti kọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ sí àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ògùn Guangdong. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe Nàìjíríà síwájú adájọ́ àjọyàn mẹ́ta, lábẹ́ àdéhùn tí Nàìjíríà àti Ṣáínà ṣe ní 2001. Lord Neuberger ni alága wọn. Lọ́yà àgbà ọmọ ilẹ̀ wa kan, Rotimi Oguneso, wà lára wọn. Ní March 2021, wọ́n ní kí Nàìjíríà san nǹkan bíi mílíọ̀nù 55.6 dọ́là, yàtọ̀ sí èlé àti owó ẹjọ́. Wọ́n tún fi 75,000 dọ́là lé e nítorí ìyà tí wọ́n gbà pé àwọn ọlọ́pàá fi jẹ ọ̀gá kan nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Báwo ni irú àwọn adájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ ohun tí wọn yóò gbà gbọ́? Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé Òfin Ẹ̀rí tiwa ti 2011 sọ fúnra rẹ̀, ní ẹsẹ̀ 256, pé òun kò kan ìjókòó adájọ́ àjọyàn. Àwọn adájọ́ náà ni yóò pinnu irú ẹ̀rí tí wọn yóò gbà àti bí yóò ṣe wúwo tó. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà àgbáyé, International Bar Association, gbé ìlànà kan jáde ní 1983, wọ́n sì ti tún un kọ ní 1999, 2010 àti 2020. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin àyàfi bí àwọn tó ń jà bá gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kì í dìde kó máa rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, lọ́yà sì sábà máa ń bá a tò ó. Ọjọ́ ìjókòó wà fún kí lọ́yà ẹnì kejì lè wá a lẹ́nu wò. Ní ti ìwé, ẹni tó bá fẹ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì yóò dárúkọ rẹ̀, yóò sọ ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì. Ẹnì kejì yóò fèsì. Adájọ́ yóò dájọ́ lé e lórí. Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò mú ìwé wá láìnídìí, adájọ́ lè gbà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ibẹ̀ ni agbára wọn mọ. Wọn kò ní ọlọ́pàá, wọn kò lè fipá mú ẹni tí kò sí nínú ẹjọ́ wá jẹ́rìí, àfi kí kóòtù ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹjọ́ tó fi èyí hàn jù lọ ni ti P&ID. Ní 11 January 2010, ilé-iṣẹ́ yìí àti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó epo rọ̀bì fọwọ́ sí àdéhùn gáàsì. Ìjọba kò fún wọn ní gáàsì, àwọn náà kò kọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́. Lord Hoffmann, Sir Anthony Evans àti Bayo Ojo ni adájọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní January 2017, méjì nínú wọn ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, kí èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún sì máa gun orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ojo kò bá wọn fọwọ́ sí iye yẹn. Nígbà tí ó fi di 2023, owó náà ti kọjá bílíọ̀nù 11.

Michael Quinn, ọ̀kan nínú àwọn tó dá P&ID sílẹ̀, ti kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ nípa bí àdéhùn náà ṣe wáyé. Ó kú ní 2015, kí wọ́n tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ọjọ́ 28 péré ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó bá fẹ́ tako irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ti fi ọdún púpọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ní September 2020 kóòtù gbà á láyè nítorí ohun tó ti hú jáde. Ó ti lo òfin Amẹ́ríkà kan láti wá ìwé lọ́wọ́ àwọn báǹkì New York, nítorí pé dọ́là sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní 23 October 2023, Adájọ́ Robin Knowles sọ pé jìbìtì ni P&ID fi rí ìdájọ́ náà gbà. Ohun mẹ́ta ló tọ́ka sí: ẹ̀rí Quinn fi owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ pa mọ́, wọ́n ń fún ọ̀gá ẹ̀ka òfin ní ilé-iṣẹ́ ìjọba náà lówó kí ó má baà tú àṣírí, wọ́n sì di ìwé àṣírí àárín Nàìjíríà àti lọ́yà rẹ̀ mú nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ó tún sọ pé níwọ̀n bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ní bòókẹ́lẹ́, kò sí oníròyìn tàbí ará ìlú tó ń wò ó. Lójú tèmi, ẹ̀bi kò mọ sọ́dọ̀ P&ID. Adájọ́ àjọyàn kì í bá ènìyàn wá ẹ̀rí; ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń wọ̀n. Àwa náà kò gbé ohun tó tó síwájú wọn lákòókò.

Kí n padà sí Ṣàpọ́n. Rìsíìtì bàbá mi, ikán ti jẹ ẹ́. Ẹnì kejì rẹ̀ mú lẹ́tà kan jáde, ó ní onílé ló kọ ọ́, pé òun nìkan ló san owó ṣọ́ọ̀bù. Onílé sì ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Àgbà kan bèèrè pé, “Ta ni yóò bi òkú léèrè?” Àwọn méjì yòókù gba lẹ́tà náà, bàbá mi sì kó aṣọ rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn tí mo ka ìdájọ́ Knowles, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọwọ́ ìkọ̀wé onílé. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ní ṣé òun ló wà nínú lẹ́tà náà. Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní wọ́n kà á sí àwọn létí ni. Àwọn kò béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn rí i, nítorí pé yóò dà bí ẹni pé àwọn ń pe àwọn àgbà lónírọ́.