Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra: Bí Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Ṣe Wọ Inú Ìdánwò Awakọ̀

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, ọkọ̀, ni wọ́n fi ń pe igi gbígbẹ́ tí apẹja ń fi àjẹ̀ wà lórí Odò Ọya àti irin ẹlẹ́ńjìnnì tí ń fi táyà yí lórí ọ̀dà, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, wà, ni ó sì bí awakọ̀ orí omi àti awakọ̀ orí ilẹ̀. Kpata, àdúgbò àti ọjà etí odò ní Lokoja, jẹ́ ibi tí ìbátan yìí ti hàn sójú, nítorí níbẹ̀ ni ẹrù ti ń ti inú ọkọ̀ igi bọ́ sínú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ igi tó tì í sínú omi, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti sán, yóò dí ibi tí ó ń jò, yóò sì gbọ́n omi tí ó bá ti wọlé; kò sí ẹni tí ń ka iṣẹ́ yìí sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ̀ wíwà. Ní ti ọkọ̀ ilẹ̀, wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń yẹ ọwọ́ awakọ̀ wò, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń yẹ ara ọkọ̀ wò, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí kí àwọn ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gbàgbé ìsopọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Paris, àṣẹ tí ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1893 béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí yóò wa ọkọ̀ alágbára ẹ̀rọ, ó sì tún béèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà jogún, ọ̀nà mìíràn ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà. Òfin ọdún 1903, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1904, sọ láísẹ́ǹsì, èyíinì ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀, di dandan, àmọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti san ṣílè 5 lè gbà á láìṣe ìdánwò kankan. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1935 kí ìdánwò ìwakọ̀ tó di dandan fún àwọn awakọ̀ tuntun. Ọkọ̀ tí ó ti gbó kò ní olùyẹ̀wò tirẹ̀ títí di ọdún 1960, nígbà tí wọ́n dá àyẹ̀wò tí gbogbo ayé mọ̀ sí MOT sílẹ̀, tí a fi orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìrìnnà sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún 10 nìkan ni ó kàn, bíréèkì, iná àti ṣítíárìn nìkan ni wọ́n sì ń wò. Ní ọdún 1967 ni wọ́n fà á wálẹ̀ sí ọkọ̀ ọlọ́dún 3, lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò táyà wọ inú rẹ̀. Ọdún 25 gbáko ni ó wà láàárín ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í bi awakọ̀ léèrè ohun tí ó mọ̀ àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọkọ̀ léèrè bí ó ṣe wà.

Nàìjíríà jogún ètò náà tòun ti àlàfo inú rẹ̀. Nígbà tí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fa àsíá ìjọba náà sókè ní Lokoja ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, odò ni ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń kó ènìyàn àti ẹrù; ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá ni owó epo rọ̀bì ti àwọn ọdún 1970. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo orílẹ̀-èdè yí láti apá òsì sí apá ọ̀tún títì. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna àti Volkswagen ní Èkó. Ọkọ̀ wá pọ̀ ju ojú ọ̀nà lọ, ó sì pọ̀ ju àwọn tí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń gbẹ̀mí jù, ó sì ń pa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ léraléra, débi pé Wole Soyinka, tí ń kọ́ni níbẹ̀, kò lè dákẹ́ mọ́. Ní ọdún 1977, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gba àbá rẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn lásán ti ń fi àkókò ara wọn ṣọ́ títì láìgba owó. Gómìnà ológun tí ó fọwọ́ sí i ni David Jemibewon, ọmọ Iyah-Gbedde ní ilẹ̀ Òkun, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà ṣùgbọ́n tí ó ti wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi láti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ó yẹ kí àwọn ará Lokoja, olú-ìlú Kogi, mọ èyí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ: ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wọn wà nínú irúgbìn tí ó di Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Àpapọ̀ (FRSC).

Ẹgbẹ́ ti Ọ̀yọ́ kò pẹ́ títí, ṣùgbọ́n èrò náà kò kú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fi òfin 45 dá FRSC sílẹ̀, wọ́n sì fi Soyinka ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí Olu Agunloye di ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Iṣẹ́ náà pín sí ọwọ́ mẹ́ta. FRSC ni ó ni láísẹ́ǹsì àti ìlànà orílẹ̀-èdè; VIO, ọ́fíìsì àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ni ó ń ṣe ìdánwò fún awakọ̀, òun náà ni ó sì ń fún ọkọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ fún títì; ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ ni ó ń gba owó. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọkọ̀ níláti gba ìwé ìyọ̀ǹda akẹ́kọ̀ọ́, kí ó lẹ àmì L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, kí awakọ̀ tí ó ní láísẹ́ǹsì sì jókòó tì í. Ìlànà FRSC fún ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tún béèrè pé kí ọkọ̀ ìkọ́ni ní ẹsẹ̀ bíréèkì kejì níwájú olùkọ́, kí ẹni tí kò tíì mọ̀ má baà jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí ó lè dá irin náà dúró.

Ìwé ẹ̀rí yíyẹ ọkọ̀ yìí máa ń pé ọdún kan fún ọkọ̀ àdáni, oṣù mẹ́fà péré ni ó sì máa ń lò fún ọkọ̀ èrò àti akẹ́rù, nítorí ọkọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ń tètè gbó. Ohun tí òṣìṣẹ́ VIO ń wá lára ọkọ̀ kò ṣòroó mọ̀: iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, iná tí ń sọ pé ọkọ̀ fẹ́ yà, iná bíréèkì, wáípà, họ́ọ̀nù, dígí ìwẹ̀yìn, gíláàsì tí kò sán, bẹ́líìtì ìjókòó, èéfín sáílẹ́ńsà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìkarùn-ún tí ó wà nípamọ́, jáàkì, agolo ìpaná, àti àmì onígun mẹ́ta tí àwọn awakọ̀ ń pè ní C-caution. Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ìlànà ìdánwò náà tilẹ̀ le débi pé bí iná ìkìlọ̀ kan bá tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí tí táyà kan bá ní ọgbẹ́, olùdánwò lè fagi lé ìdánwò kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ san yóò sì bá a lọ. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní dígí ìwẹ̀yìn kejì fún olùdánwò, ó gbọ́dọ̀ lè sáré dé máìlì 62 ní wákàtí kan, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ti mu sìgá nínú rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń wò wọ̀nyí, táyà ni ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí jù, nítorí òun nìkan ni ó ń kan ilẹ̀. Lára gbogbo táyà ni wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí, nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àkọlé DOT: bí ó bá jẹ́ 2419, ọ̀sẹ̀ 24 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni FRSC fún táyà ní Nàìjíríà, àní bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń dán, nítorí rọ́bà ń gan, ó sì ń là níbi tí ojú kò tó, oòrùn ilẹ̀ wa sì ń mú kí ó yá. Ìdí nìyí tí táyà tòkunbọ̀ fi jẹ́ ewu: ẹni tí ó rà á ń wo ihò ojú rẹ̀, kò wo ọdún tí ó ti lò lórí pẹpẹ ní òkè òkun. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kogi tí ó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Ìwádìí FRSC sọ pé táyà ẹ̀yìn ni ó bẹ́, pé ọkọ̀ náà ń sáré jù, pé àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn kò de bẹ́líìtì, àti pé awakọ̀ wọn kò ní láísẹ́ǹsì tí ó bófin mu. Ìjàm̀bá kan ṣoṣo yìí kó gbogbo ohun tí ìdánwò yẹ kí ó dí lọ́nà jọ sójú kan, ara ọkọ̀ àti ọwọ́ awakọ̀ papọ̀, ó sì ṣòroó gbà pé ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba ni ó ṣẹlẹ̀ sí.

Ọdún 1991 tí Kogi di ìpínlẹ̀ náà ni ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abuja, láti ìgbà náà sì ni Lokoja ti di ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù ń gbà lọ sí olú-ìlú, tí ọkọ̀ agbépo àti akẹ́rù sìmẹ́ǹtì Obajana sì ń bá bọ́ọ̀sì kékeré du ojú kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan sọ ìjánu nù ní Felele, ní Lokoja, ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó sì gbiná. FRSC ka òkú 23. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwé wà nínú wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pọlitẹ́níìkì Ìpínlẹ̀ Kogi náà wà níbẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé bíréèkì ni ó kọ̀.

Gbólóhùn yìí, bíréèkì kọ̀, máa ń dún bí ẹni pé àjálù láti ọ̀run ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ní orísun ni. Bíréèkì kì í pa agbára ìsáré run, ó ń sọ ọ́ di ooru ni. Bí ìsáré bá di ìlọ́po méjì, ooru tí bíréèkì níláti gbà di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ó gbé lítà 33,000 epo bẹntiróòlù ru ẹrù tí ó ju tọ́ọ̀nù 24 lọ yàtọ̀ sí ìwọ̀n irin tirẹ̀, bí awakọ̀ rẹ̀ bá sì ń tẹ bíréèkì léraléra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò kí ó wọ jíà kékeré, ooru náà yóò pọ̀ títí bíréèkì kò fi ní mú mọ́. Ní àfikún, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ fún pọ̀ sínú àgbá ni ó ń ti bíréèkì ọkọ̀ ńlá, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń jò kì í fara sin fún ẹni tí ó bá dúró, tí ó tẹ́tí, tí ó wo aago ìwọ̀n afẹ́fẹ́ náà kí ó tó gbéra. Ètò tí FRSC pè ní Safe-to-Load, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń yẹ táyà, iná, bíréèkì, ìdérí tí kì í jẹ́ kí epo tú jáde, àti láísẹ́ǹsì awakọ̀ wò ní ibùdó epo kí wọ́n tó rọ epo sínú ọkọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí awakọ̀ àti ọkọ̀ ti ń dúró pọ̀ níwájú olùyẹ̀wò kan náà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìsopọ̀ yìí wọ inú ìdánwò fúnra rẹ̀ ní ọdún 2003. Láti ìgbà náà ni olùdánwò ti ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó ṣàlàyé bí yóò ṣe mọ̀ pé bíréèkì ń ṣiṣẹ́, tàbí ibi tí yóò ti rí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ fún táyà, tàbí kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwọ̀n òróró ẹ́ńjìnnì wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti ń wa ọkọ̀ láti ilé kí ó tó dé London ni ìbéèrè wọ̀nyí ti bá lójijì. Ohun tí ó yẹ kí Kogi àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù fún ní ipò àkọ́kọ́ nínú ìdánwò tiwọn nìyí. Ẹni tí kò lè ka ọdún ara táyà, tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ bíréèkì tí ó rì wọlẹ̀ ju ti àná lọ ń sọ̀rọ̀, kò tíì mọ ọkọ̀ wà, bí ó tilẹ̀ lè fi ẹ̀yìn wọ àárín igi méjì láìkan ọ̀kan. Ìwé ẹ̀rí oṣù mẹ́fà ń sọ bí ọkọ̀ ṣe wà ní ọjọ́ kan. Awakọ̀ nìkan ni ó ń bá a jí ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó kù.

Ní ti Kpata, omi ni ó ń fi èyí hàn jù. Nígbà tí odò kún ní ọdún 2012, àti ní ọdún 2022 tí omi bo ọ̀nà Lokoja sí Abuja mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ ni ó wọ inú ohun tí ó yẹ fún ọkọ̀ igi. Bíréèkì tí omi ti wọ̀ kì í di táyà mú dáadáa, nítorí omi ń jókòó láàárín páàdì àti irin tí ó yẹ kí ó fún, ìdí nìyí tí awakọ̀ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde fi níláti rọra máa rìn, kí ó máa fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ooru yóò fi gbẹ omi náà, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọ̀nà mọ́, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan kí ó tó tún sáré.