Ẹja Elésè Àlùkò Tó Fara Pamọ́ Sísàlẹ̀ Òkun

Ẹ̀yin ọmọ Òṣòdì, ẹ̀yin ọmọ Ìsọlọ̀, ẹ sún mọ́bí. Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ẹja tí ẹ mọ̀ ni títù, kótè àti pańla, tí ìyá yín ń rà ní Òṣòdì, tí yìnyín ti mú gan. Èyí tí mo fẹ́ ròyìn kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Ìtòsí erékùṣù Zanzibar ní Tanzania, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ló ń gbé, láàárín àpáta iyùn tó wà ní mítà 50 sí 80 lábẹ́ omi. Bí ẹ bá ri ilé alájà ogún síbẹ̀, òkè rẹ̀ lè má yọ.

Òmùwẹ̀ lásán kò lè débẹ̀. Luiz Rocha, onímọ̀ nípa ẹja, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti California Academy of Sciences gbé ẹ̀rọ pọ̀n, èyí tó ń fọ èémí tí wọ́n mí síta kí wọ́n lè tún un mí. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ẹni tó bá kánjú, afẹ́fẹ́ á hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi ti gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì. Àfi tí èèyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì kó tó rí àwọ̀ ẹja náà dáadáa: ó kéré, ìlà elésè àlùkò sì yí ìpẹ́ rẹ̀ ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkú ẹja tí wọ́n bá rẹ sínú sípírítì, àwọ̀ rẹ̀ a máa ṣí. Elésè àlùkò tiẹ̀ kò ṣí!

Ẹ tún gbọ́: nínú ìran ẹja yìí, abo ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ́; bó bá yá, òmíràn á di akọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́dàá ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2019 ni Yi-Kai Tea, òun náà onímọ̀ nípa ẹja, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kéde rẹ̀ fáyé, wọ́n sọ ọ́ ní Cirrhilabrus wakanda. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fíìmù Black Panther mọ Wakanda, ìlú àròsọ ní Áfíríkà tó fi ọrọ̀ rẹ̀ pamọ́ fáráyé.

Ẹja náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé o. Àwa ni ìròyìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé nípa ẹja nínú yín, kó má rò pé wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Òkun níwájú Èkó náà jìn. Ẹ lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ wò ó fúnra yín.